Ọjọ́ tí Amos Ìbítóyè Dẹ Ikùn Sílẹ̀ fún Télọ̀

Amos Ìbítóyè kì í pariwo. Àwọn tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ láti Thamesmead lọ sí Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́, ìṣe rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ohùn rẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́, Amos á dúró dè é, ṣùgbọ́n iwájú ni yóò máa wò, bí ẹni pé nǹkan kan lójú títì ló dá òun dúró, kí ojú má baà ti ìyá náà pé òun ni gbogbo èrò ń retí. Bí ìyá náà bá wọlé tó ń dúpẹ́, Amos á mi orí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á sì gbéra. Ìletò kan lẹ́bàá Òkìtìpupa ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì, ó bá wọn kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, kó tó di pé ó kọ́ bọ́ọ̀sì wíwà. Láti ìgbà náà kò wo iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ó fẹ́ràn ìdí sítíárì bí àwọn mìíràn ṣe ń fẹ́ràn àga tí wọ́n jogún lọ́wọ́ bàbá wọn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò gbà fún un. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Moráyọ̀ ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, sì ń fi òróró pa á fún un lálaalẹ́, títí ó fi di pé bí Amos bá parí iṣẹ́, ó ní láti di irin ọkọ̀ mú kó tó lè nàró. Dókítà wo ẹ̀yìn náà, ó ní kó má wa bọ́ọ̀sì mọ́.

Bernice ni ọ̀gá àgbà gáráàjì wọn, obìnrin Jàmáíkà kan tó ti wa bọ́ọ̀sì rí fúnra rẹ̀. Ó pe Amos sí ọ́fíìsì, ó fún un ní tíì, ó sì sọ fún un pé iṣẹ́ méjì ló ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan ni ti ọ̀gá òwúrọ̀: ẹni tó ń dúró níwájú gbogbo awakọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń pín ọkọ̀, tó ń bá ẹni tó pẹ́ wí. Èkejì ni ti olùkọ́: ẹni tó ń jókòó ti awakọ̀ tuntun nínú bọ́ọ̀sì tí kò sí èrò nínú rẹ̀, tó ń kọ́ ọ ní ọ̀nà.

“Èyí tó bá wù ẹ́ nínú méjèèjì ni tìẹ, Amos,” Bernice ní. “Ṣùgbọ́n àwọn kan ń dúró de èyí tó o bá fi sílẹ̀. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.”

Amos dúpẹ́, ó sì lọ sílé lọ rò ó. Ilé wọn wà nínú àwọn ilé alájà gígùn àtijọ́ ní South Thamesmead, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Abbey Wood. Moráyọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bi í pé:

“Bàbá Tamí, èwo ni ọkàn yín fẹ́?”

“Méjèèjì ló dára.”

“N kò bi yín bóyá wọ́n dára.”

Amos bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Ó mọ èyí tí ọkàn òun fẹ́. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé, bí Ọlọ́run bá gbé àga ọ̀gá síwájú ènìyàn, tí onítọ̀hún wá ní àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni òun fẹ́, ṣé kì í ṣe àìmoore nìyẹn? Ní ìjọ pàápàá, ọ̀rọ̀ náà ti tàn, àwọn kan sì ti ń kí i ní “Ọ̀gá wa”.

Ìkórè ìjọ wọn ń bọ̀ nígbà náà, sùtánà funfun Amos sì ti pọ́n bíi wàrà tó pẹ́. Ó gba ọjà Beresford Square kọjá láàrin àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àpò fóònù, ó ya sí àdúgbò ẹ̀yìn ibẹ̀, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù Muaz. Mùsùlùmí ni Muaz, ọmọ Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun ló ń rán aṣọ àdúrà fún ìdajì àwọn Aládùúrà tó wà ní Thamesmead. Ó mọ bí ikùn gbogbo alàgbà ṣe tó, kò sì sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì rí. Ó gbé téèpù yí Amos ká.

“Bàbá Tamí, ẹ mí síta.”

“Mo ti mí síta.”

“Ẹ tún un mí.”

Amos tún mí, ṣùgbọ́n ikùn kò bá èémí jáde.

“Ẹ̀yin ará ìjọ yín yìí,” Muaz ní, “bí mo bá ti gbé téèpù báyìí, ńṣe ni gbogbo yín ń di ọmọ ogún ọdún. Ẹ jẹ́ kí n fi ìka méjì kún un.”

“Má fi nǹkan kan kún un. Mo ti ń dín oúnjẹ kù. Nípa ìgbàgbọ́, ibi tó o wọ̀n yẹn ni mo ń lọ.”

“Ìgbàgbọ́ yín kò burú, Bàbá Tamí. Òwú ni n kò mọ̀ bóyá ó gbàgbọ́.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Muaz kọ ohun tó wọ̀n sílẹ̀, kò sì fi ìka kankan kún un.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e ni Àǹtí Keziah, ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ wọn, ṣe ìpàdé kan. Ilé ìkẹ́rùsí ni ìjọ náà ti ń jọ́sìn, ní Thamesmead West, láàrin ẹni tó ń ta táyà àti ẹni tó ń ta àga. Bí ènìyàn bá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tó wọlé, aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri àti òórùn àbẹ́là ni yóò mú un gbàgbé táyà. Ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń gba ènìyàn síṣẹ́ ni Àǹtí Keziah ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú ìjọ ló wà nínú iṣẹ́ tí kò bá wọn lára mu. Ó pe gbogbo ẹni tó ń ro iṣẹ́ mìíràn pé kí wọ́n dúró lẹ́yìn ìsìn. Amos dúró.

“Ẹ̀dá kò rí bákan náà,” Àǹtí Keziah ní. “Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn tó ṣe ìwé yìí pín wa sí. Aṣáájú wà, ẹni tó fẹ́ràn kó máa darí. Olùtọ́jú wà, ẹni tó fẹ́ràn kó máa gbé ẹlòmíì ró. Ọlọ́yàyà wà, aláròjinlẹ̀ náà sì wà. Kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Ẹ kàn dáhùn bí ẹ ṣe rí, ká lè mọ irú iṣẹ́ tó máa rọ̀ yín lọ́rùn.”

Ó pín ìwé àti bírò. Gbogbo ilé dákẹ́ bí ìgbà tí àwọn ọmọdé ń ṣe ìdánwò.

Ìbéèrè kìíní ni bóyá ó máa ń rẹ ènìyàn bó bá pẹ́ láàrin èrò. Amos wò ó. Ó mọ̀ pé ó máa ń rẹ òun. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ fi bírò kan ibi tí wọ́n kọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àárẹ̀ wá sórí ara rẹ̀? Ó fa ìlà sí “rárá”. Ìbéèrè mìíràn ní, “Mo máa ń ṣàníyàn nípa ọ̀la.” Rárá, ní orúkọ Jésù. Òmíràn ní, “Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹlòmíì ṣáájú kí n tẹ̀ lé e.” Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Orí ni mí, n kì í ṣe ìrù.” Ẹlòmíràn ṣe àmín. Amos náà fa ìlà sí “rárá”, ó sì fà á kó dúdú dáadáa.

Àǹtí Keziah gba àwọn ìwé náà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “Aṣáájú ni gbogbo yín.”

Inú ìjọ dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

“Rárá, ẹ gbọ́ mi ná. Gbogbo yín pátá, àfi Mummy Ọmọ́bọ́lá. Aláròjinlẹ̀ ni Mummy.”

“Mo gbàgbé awò mi sílé,” Mummy Ọmọ́bọ́lá ní láti ẹ̀yìn. “Ibi tí ọwọ́ mi bá ṣáà bọ́ sí ni mo kàn.”

“Bí gbogbo wa bá jẹ́ Aṣáájú, ta ló máa gbá ilẹ̀ ìjọ?”

“A ó jọ máa darí ìgbálẹ̀ náà ni, Àǹtí,” ọkùnrin kan dáhùn, ẹ̀rín sì gba ilé kan.

Àǹtí Keziah náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ti rí ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ti sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe rí ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbàdúrà fún. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi ìwé náà yan iṣẹ́ kankan, àwọn yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n agogo ìpàdé àwọn ìyá ti lù, àwọn tó ń gbé àga sì ti ń gbé àga. Amos kò gbọ́. Ó ti gba ìwé tirẹ̀ padà, ó ti ká a sápò, ó ń lọ sí ibi tó bọ́ bàtà sí, ojú rẹ̀ ń dán. Ohun tó ń wá ni ẹni tí yóò bá a yàn, ìwé sì ti yàn. Nígbà tó délé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ní ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sọ fún Bernice pé iṣẹ́ ọ̀gá òwúrọ̀ ni òun mú. Bernice gbé bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ṣe é dé ọjọ́ Ẹtì, ká wo bó ṣe rí lára ẹ. Mi ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ti olùkọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Ní òwúrọ̀ kìíní, Amos dúró níwájú àwọn awakọ̀, ó la ẹnu, ohùn tó jáde kò ju èyí tí ènìyàn fi ń bẹ aládùúgbò pé kó dín rédíò rẹ̀ kù. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn kò gbọ́. Ó tún un sọ. Wọ́n ní àwọn kò tíì gbọ́. Nígbà tó yá, awakọ̀ kan tó dúró níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pariwo rẹ̀, Amos á sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọkùnrin náà á sì fi igbe gbé e kalẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kàfí, tí kò tíì pẹ́ lórí iṣẹ́, pẹ́ dé. Ó yẹ kí Amos bá a wí níwájú gbogbo wọn. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó ti sunkún. Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Kí ló ṣe ẹ́?”

“Uncle, mo ti dé láti ìṣáájú. Ìta ni mo dúró sí. Ibi tí wọ́n ń fún mi lọ́kọ̀ yẹn, mo gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn jáde, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.”

Nígbà tí Kàfí sinmi lọ́sàn-án, Amos mú un lọ sínú bọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀ lófìfo, ó dúró tì í, ó ń fi ọwọ́ júwe. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn jáde, ó tún wọlé, ó tún fi ẹ̀yìn jáde. Ìyẹn nìkan ni inú Amos dùn sí nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ó sì kà á sí ìkùnà, nítorí pé ìbáwí ni wọ́n rán an, kò sì jẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀ délé, kì í sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó máa ń jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì. Tamílọ́rẹ ọmọ rẹ̀, tó ń lọ sí yunifásítì láti ilé, ń rí i láti ojú fèrèsé. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun náà ti rí i.

Ní Ọjọ́rú, Amos gba sùtánà tuntun lọ́wọ́ Muaz, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Ó wọlé sí i lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní láti máa mí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n foríbalẹ̀, ó foríbalẹ̀, aṣọ náà sì fà ya láti abíyá dé ìbàdí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gbàdúrà fi dúró díẹ̀ kó tó máa bá a lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ jáde. Moráyọ̀ tẹ́ sùtánà náà sórí itan, ó ń wo bóyá òun lè gán an. Amos jókòó sí ìkángun àga. Tamílọ́rẹ wá láti kíṣìnì, ìwé ara fíríìjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Daddy, wọ́n ní, ‘Inú mi máa ń dùn láàrin èrò púpọ̀.’ O kọ ‘bẹ́ẹ̀ ni, gidigidi’. Gidigidi, Daddy?”

“Ẹ kọ,” Moráyọ̀ ní, kò gbójú sókè.

“Sorry. Ẹ kọ. Ṣùgbọ́n níbi wedding Auntie Ìléríolúwa, inú kíṣìnì lẹ wà, ẹ̀ ń fọ abọ́.”

“Wọ́n ń wá ẹni tó máa fọ abọ́.”

“Daddy, wọ́n ti sanwó fún àwọn tó máa fọ ọ́. Ẹ lé wọn dànù ni.” Ó tún wo ìwé náà. “‘Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti bá ènìyàn wí ní gbangba.’ Bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ nìyẹn, you know.”

“A kì í sọ fún bàbá ẹni pé irọ́ ló ń pa,” Moráyọ̀ ní. “Sọ pé wọ́n ṣì í sọ.”

“Ẹ ṣì í sọ, Daddy. Láti òkè dé ìsàlẹ̀.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n kọ?” Amos ní. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe máa ń le lọ, àwọn méjèèjì sì wò ó. “Kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ìrù ni mí? Ikú àti ìyè ń bẹ ní ipá ahọ́n. Bí mo bá sọ pé n kò lè dúró níwájú ènìyàn, tó sì wá rí bẹ́ẹ̀, ta ló máa bá mi gbà á padà?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Moráyọ̀ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òun náà, bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ẹnì kan bá bi í pé ara ńkọ́, “Ara le, a dúpẹ́” ni yóò sọ. Ó gbé sùtánà náà sókè kí iná lè gba ibi tó ya kọjá.

“Bàbá Tamí, nígbà tí Muaz ń wọ̀n yín, ẹ fa ikùn sínú, àbí ẹ ò fà á?”

Amos wo ilẹ̀.

“Mo fà á díẹ̀.”

“Ta lẹ wá ń tàn? Muaz mọ̀. Ọlọ́run mọ̀, òun ló fún yín ní ikùn ọ̀hún. Aṣọ nìkan ni kò mọ̀.” Ó tẹ́ ẹ padà sórí itan. “Bí aláìsàn bá wá sí wọ́ọ̀dù wa, tí mo ní níbo ló ń dùn ọ́, tó ní kò síbi tó ń dun òun ní orúkọ Jésù, àmín ni n ó ṣe. Ṣùgbọ́n oògùn wo ni kí n fún un?”

Amos na ọwọ́ kan ibi tó ya lára aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

“Ó ya títí dé ìbàdí,” ó ní. “Àdúrà dúró.”

“Mo gbọ́,” Moráyọ̀ ní. “Mẹ́ta nínú wọn ló ti pè mí.”

Tamílọ́rẹ mú bírò, ó kọjú sí bàbá rẹ̀. “Oya, Daddy. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ yín bẹ́ ẹ bá pẹ́ láàrin èrò?”

Amos gbójú sókè sí àjà. “Ó máa ń rẹ̀ mí,” ó ní, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí kí nǹkan já lulẹ̀. Kò sí ohun tó já. Ọmọ àwọn ará òkè sáré kọjá lórí àjà bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ìbéèrè kejì kò le tó ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìbáwí, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ náà kà á parí.

“Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Tamílọ́rẹ ṣírò rẹ̀, ó sì wo àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé náà. “Olùtọ́jú. Wọ́n ní ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa kọ́ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ní ẹ ò fẹ́ ìyípadà, pé ọ̀nà kan náà lẹ máa ń fẹ́ gbà lójoojúmọ́.”

“Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Bernice mọ iye ìgbà tí mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi lọ́nà mìíràn.”

“Ìwé náà kò lè mọ gbogbo rẹ̀,” Moráyọ̀ ní. “Ó ṣáà ti mọ ibi tí ikùn dé.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, Amos kan ilẹ̀kùn Bernice kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dúró síbẹ̀, ohun tó sọ kò ju pé òun ṣe àṣìṣe, pé iṣẹ́ olùkọ́ ni òun fẹ́, bó bá ṣì wà. Ó sọ pẹ̀lú pé ọkùnrin tó ń bá òun pariwo ní òwúrọ̀ yóò ṣe ọ̀gá dáadáa, nítorí òun ló ti ń ṣe é láti ọjọ́ Ajé.

Bernice da tíì fún un.

“Mo rí ẹ láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,” ó ní, “ìwọ àti Kàfí. Mo ti kọ orúkọ ẹ sí ti olùkọ́ láti ọjọ́ náà. Kí o wá sọ ọ́ fúnra ẹ ni mò ń dúró dè.”

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí ìkórè ku ọ̀la, Amos gbé sùtánà tó ya lọ sí ṣọ́ọ̀bù Muaz. Muaz tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó tẹ̀ lé ojú ibi tó ya pẹ̀lú ìka, kò sì sọ pé òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó kàn mú téèpù.

“Bàbá Tamí, ẹ mí síta.”

Amos mí síta. Lọ́tẹ̀ yìí, ikùn bá èémí jáde, ó sì jókòó síbi tó ń jókòó sí. Muaz wo téèpù, ó wo Amos, ó tún wo téèpù.

“Ẹ káàbọ̀,” ó ní.

“Máa kọ ọ́ sílẹ̀, jàre.”

“Mò ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n n ò lè parí rẹ̀ lónìí, mo ní láti ra aṣọ kún un. Kí lẹ máa wọ̀ lọ́la?”

“Ti àtijọ́ tó ti pọ́n yẹn,” Amos ní. “Ìyẹn ti mọ̀ mí.”